Harvey Wiley: Onímọ̀ tó fún àwọn ọ̀dọ́ ní borax jẹ kí aráàlú lè mọ ohun tó wà nínú oúnjẹ wọn

Lápá ìparí ọdún 1902, àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjìlá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun pọ̀ nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ kan ní iléeṣẹ́ ìjọba ní Washington, olú ìlú Amẹ́ríkà. Oúnjẹ náà dára, alásè tó mọ iṣẹ́ ló ń sè é, wọn kì í sì í san kọ́bọ̀ lórí rẹ̀.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà nídìí oúnjẹ ọ̀fẹ́ yìí. Èròjà kan wà nínú rẹ̀ tó ṣeé ṣe kó pa wọ́n lára, gbogbo wọn ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn.

Èròjà ọ̀hún ni borax. Ẹni tó ń fún wọn jẹ ni Harvey Washington Wiley, ọ̀gá àgbà àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ní iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn Amẹ́ríkà.

Nígbà náà, kò sí òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kan tó kárí gbogbo oúnjẹ, tó sọ pé kí ẹni tó ń tà á fi han oníbàárà ohun tó pò mọ́ ọn. Yorùbá ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Wiley fẹ́ mọ iye èèyàn tí ọ̀nà ọ̀fun ti mú lọ sí ọ̀run láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura.

Ta ni ọkùnrin yìí, kí ló sì mú kó dán irú ewu bẹ́ẹ̀ wò?

Ọmọ àgbẹ̀ láti Indiana

Ọjọ́ 18, oṣù Kẹwàá, ọdún 1844 ni wọ́n bí Wiley ní oko kan nítòsí abúlé Kent, ní ìpínlẹ̀ Indiana. Ilé tí wọ́n fi ìtì igi kọ́ ni wọ́n bí i sí. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀, ó tún máa ń wàásù.

Bàbá náà kórìíra òwò ẹrú. Odò Ohio nìkan ló pààlà láàrin Indiana àti Kentucky, níbi tí òwò ẹrú ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, bàbá Wiley sì wà lára àwọn tó ń ran àwọn ẹrú tó sá àsálà lọ́wọ́ láti kọjá síhà àríwá. Inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni Harvey dàgbà sí, níbi tí wọ́n ti gbà pé kì í ṣe gbogbo ohun tí òfin fàyè gbà ló tọ́.

Lọ́dún 1864, ó ṣe ṣọ́jà fún oṣù díẹ̀ nínú ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, ìyẹn ní ọ̀dọ̀ àwọn ará àríwá. Lẹ́yìn náà ló padà sí ilé ẹ̀kọ́, tó sì gboyè ní Hanover College lọ́dún 1867.

Ọdún 1871 ló gboyè dókítà ìṣègùn, àmọ́ iṣẹ́ dókítà kọ́ ló fi jẹun. Ohun tó ń wá ni bí èèyàn kò ṣe ní ṣàìsàn rárá, pàápàá nípasẹ̀ ohun tó ń jẹ. Ìyẹn ló gbé e lọ sí Harvard, níbi tó ti tún gboyè mìíràn lọ́dún 1873.

Nígbà tí Yunifásítì Purdue ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ́dún 1874, Wiley ni wọ́n fi ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ kẹ́míkà níbẹ̀.

Èèyàn gíga, abarapá ni, kò sì fẹ́ràn kí wọ́n máa pàṣẹ bí yóò ṣe gbé ìgbé ayé rẹ̀ fún un. Ó ra kẹ̀kẹ́ ológeere, irú èyí tí táyà iwájú rẹ̀ ga ju ti ẹ̀yìn lọ fíìfíì, ó sì ń gùn ún lọ sí ẹnu iṣẹ́ pẹ̀lú ṣòkòtò tí kò kọjá orúnkún. Ó tún máa ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbá baseball.

Àwọn aláṣẹ fásitì náà pè é, wọ́n sì bá a wí pé irú ìwà bẹ́ẹ̀ kò yẹ ọ̀jọ̀gbọ́n. Lójú ẹsẹ̀ ni Wiley kọ̀wé pé òun fi iṣẹ́ sílẹ̀. Wọn kò gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Oyin tí kì í ṣe oyin

Lọ́dún 1878, Wiley lọ sí Jámánì láti kẹ́kọ̀ọ́ sí i. Ní Berlin, ó jókòó síwájú August Wilhelm von Hofmann, ọ̀kan lára àwọn ìlúmọ̀ọ́ká onímọ̀ kẹ́míkà ayé ìgbà náà, ó sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rọ yẹ ṣúgà wò láti mọ èyí tó jẹ́ ojúlówó.

Nígbà tó padà sílé, àwọn aláṣẹ ètò ìlera ní Indiana ní kó bá àwọn yẹ oyin àti omi ṣúgà tí wọ́n ń tà lọ́jà wò.

Ohun tó bá pàdé ni pé ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní oyin kò rí oyin rí. Omi adùn tí wọ́n fi àgbàdo ṣe, ìyẹn glucose, ni wọ́n dà sínú ìgò, tí wọ́n sì ń gba owó oyin lé e lórí.

Glucose kò pa ẹnikẹ́ni. Ohun tó bí Wiley nínú ni irọ́ tó wà nídìí rẹ̀. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ ra omi àgbàdo lẹ́tọ̀ọ́ láti rà á, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ mọ̀ pé omi àgbàdo ni òun ń rà. Ìlànà kan ṣoṣo yìí ló fi ṣiṣẹ́ títí ó fi kú.

Lọ́dún 1883, ó kó lọ sí Washington láti di ọ̀gá àgbà àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ní iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn. Níbẹ̀ ni òun àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ oúnjẹ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láti ọdún 1887 ni wọ́n ti ń tẹ àbájáde rẹ̀ jáde: wàrà, bọ́tà, ọtí, kọfí, ata àti èròjà ọbẹ̀, oúnjẹ inú agolo.

Wọ́n rí wàrà tí wọ́n bu omi là. Wọ́n rí ata gígún tí wọ́n fi èèpo lílọ̀ lú. Àmọ́ àwọn èròjà tí wọ́n ń fi sí oúnjẹ kó má baà rà ló kó Wiley láyà sókè jù.

Kò sí ẹ̀rọ amóhuntutù nínú ilé nígbà náà. Ẹran tí wọ́n pa ní Chicago ní láti rìnrìn àjò jìnnà kó tó dé ọwọ́ ẹni tó máa jẹ ẹ́. Àwọn tó ń ta wàrà máa ń kán formalin sí i, èròjà kan náà tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú ní mọ́ṣúárì. Àwọn tó ń ta ẹran àti bọ́tà ní tiwọn fẹ́ràn borax.

Lọ́dún 1898, nígbà tí Amẹ́ríkà ń bá Spain jagun ní Cuba, àwọn ọmọ ogun pariwo pé ẹran agolo tí wọ́n ń fún àwọn kò ṣeé jẹ. Theodore Roosevelt, tó ṣe ọ̀gá ọmọ ogun níbẹ̀, wà lára àwọn tó jẹ́rìí nípa rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ yóò tún padà wọ inú ìtàn Wiley.

Kí ni ìyàtọ̀ láàrin káún àti borax?

Ẹni tó bá rí borax fún ìgbà àkọ́kọ́ lè pè é ní káún, tàbí kó pè é ní iyọ̀. Ó funfun, ó máa ń yọ́ nínú omi, omi rẹ̀ sì máa ń yọ̀ lọ́wọ́ díẹ̀ bíi ti ọṣẹ.

Ó nídìí tí wọ́n fi jọra. Inú ẹbí kan náà ni wọ́n wà, ìyẹn ẹbí àwọn èròjà tó máa ń pa kíkan. Bí èèyàn bá da ọ̀kan nínú wọn sínú ohun tó kan bíi omi ọsàn wẹ́wẹ́, kíkan náà á dínkù. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pe ẹbí yìí, alkali, inú èdè Lárúbáwá ló ti wá, láti ara ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún eérú ewéko.

Àwọn tó ń ṣe ọṣẹ dúdú mọ ẹbí yìí dáadáa. Omi tí wọ́n sẹ́ láti ara eérú èèpo kòkó wà lára rẹ̀, ó sì lágbára débi pé ó lè bó èèyàn lọ́wọ́.

Káún, tí àwọn Hausa ń pè ní kanwa, tí àwọn Igbo sì ń pè ní akanwu, rọ̀ ju ìyẹn lọ. Inú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wà á, ní agbègbè Adágún Chad àti ní aṣálẹ̀ Niger. Òun ni wọ́n ń fi sí ẹ̀wà kó lè tètè rọ̀, tí wọ́n sì ń fi sí ewédú àti ilá kó lè fà.

Tí káún bá dé inú ikùn, omi kíkan tó wà níbẹ̀ á bá a jà, á sì fọ́ ọ sí afẹ́fẹ́, omi àti iyọ̀. Afẹ́fẹ́ yìí ló máa ń mú kí èèyàn gùfẹ̀. Èyí kò ní kí àpọ̀jù káún má lè ṣe ìpalára, pàápàá fún ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àmọ́ ara mọ ohun tó máa fi ṣe.

Ọ̀rọ̀ borax yàtọ̀. Èròjà kan tó ń jẹ́ boron wà nínú rẹ̀, èyí tí kò sí nínú káún. Omi kíkan inú ikùn kò lè sọ boron di afẹ́fẹ́. Ńṣe ló máa ń yí borax padà sí èròjà kíkan mìíràn, èyí tó máa wọ inú ẹ̀jẹ̀, tí kíndìnrín sì gbọ́dọ̀ gbé jáde nínú ìtọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Tí èèyàn bá wá ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́, ti àná kò ní tíì jáde tán tí ti òní á fi wọlé. Ọmọ ìyá ni káún àti borax lóòótọ́, àmọ́ ìwà wọn kò papọ̀. Gbogbo borax ló wà nínú ẹbí àwọn apakíkan, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọmọ ẹbí náà ni borax.

Borax ní iṣẹ́ tirẹ̀ tó dára. Wọ́n ń fi ṣe ọṣẹ ìfọṣọ, gíláàsì àti abọ́ tánńganran. Àwọn alágbẹ̀dẹ góòlù máa ń fi yọ́ ìdọ̀tí kúrò lára góòlù, àwọn ẹlòmíràn sì ń fi pa aáyán.

Ohun tó ń pa aáyán náà ló ń pa kòkòrò tó ń mú kí ẹran rà. Ìdí nìyí tí àwọn aláta ẹran fi fẹ́ràn rẹ̀. Ó pọ̀ yanturu ní aṣálẹ̀ California, kò wọ́n, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ yí adùn ẹran padà. Ẹran tó yẹ kó ti máa rùn á dà bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa á ni.

Tábìlì àwọn ọ̀dọ́ méjìlá

Àwọn tó ń ta borax ní kò léwu. Àwọn dókítà kan ní ó léwu. Wiley rí i pé ẹnu lásán ni àwọn méjèèjì fi ń jà, nítorí kò sẹ́ni tó tíì fún èèyàn jẹ lójoojúmọ́ kó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀ dáadáa.

Ó tọ ilé aṣòfin lọ, wọ́n sì fún un ní 5,000 dọ́là. Ó fi kọ́ ilé ìdáná àti yàrá ìjẹun sí abẹ́ ilẹ̀ iléeṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí ara wọn le, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tí owó oṣù wọn kò tó nǹkan.

Àdéhùn náà le. Wọn kò gbọ́dọ̀ jẹ ohunkóhun níta, títí kan ìpápánu. Wọ́n ní láti wọn bí wọ́n ṣe tẹ̀wọ̀n tó, kí wọ́n wọn ìgbóná ara wọn, kí wọ́n sì ka bí ọkàn wọn ṣe ń lù. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ wọn pàápàá, wọ́n gbọ́dọ̀ kó o wá fún àyẹ̀wò. Wọ́n tún tọwọ́ bọ̀wé pé àwọn kò ní pe ìjọba lẹ́jọ́ tí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀ sí àwọn.

Wọn kò gba owó kankan lórí rẹ̀, àfi oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́.

Borax ni Wiley fi bẹ̀rẹ̀ nítorí pé òun ló rò pé ó ṣeé ṣe kó máà ní ewu púpọ̀ nínú gbogbo èròjà tó fẹ́ dán wò.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, inú bọ́tà ni wọ́n fi borax pamọ́ sí. Kò pẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ náà fi fura, tí wọn kò sì fọwọ́ kan bọ́tà mọ́. Wọ́n gbé e lọ sínú wàrà, lẹ́yìn náà sínú ẹran, lẹ́yìn náà sínú kọfí. Ibi yòówù kí wọ́n gbé e sí, àwọn ọ̀dọ́ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún un, bóyá wọ́n mọ̀ tàbí wọn kò mọ̀.

Níkẹyìn, Wiley kó borax sínú hóró òògùn, ó sì ní kí kálukú gbé e mì níṣojú òun pẹ̀lú oúnjẹ. Wọ́n gbà.

Wiley fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, àmọ́ akọ̀ròyìn Washington Post kan, George Rothwell Brown, gbọ́ nípa rẹ̀. Láìpẹ́, gbogbo Amẹ́ríkà ti ń sọ̀rọ̀ nípa ẹgbẹ́ àwọn ajẹmájèlé. Àwọn olórin fi wọ́n kọrin, àwọn èèyàn sì fi wọ́n ṣe àwàdà.

Kí ni borax ṣe sí wọn?

Àwàdà náà kò dùn mọ́ àwọn tó jókòó sídìí tábìlì fún ìgbà pípẹ́. Bí iye borax ṣe ń pọ̀ sí i, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ wọn, inú ń run wọ́n, oúnjẹ kò wù wọ́n jẹ mọ́. Nígbà tó yá, àwọn kan kò lè ṣiṣẹ́ mọ́.

Àyẹ̀wò ìtọ̀ wọn fi hàn pé ara ń gbìyànjú láti lé borax jáde, àti pé kíndìnrín ló ń ru ẹrù náà.

Lọ́dún 1904, Wiley gbé àbájáde iṣẹ́ náà jáde. Ó ní borax kì í ṣe májèlé tó ń pa èèyàn lọ́gán, àmọ́ kódà ìlàjì gíráàmù lóòjọ́ ti pọ̀ jù fún ẹni tó bá ń jẹ ẹ́ déédéé. Ẹni tó bá sì jẹ bọ́tà láàárọ̀, tó jẹ ẹran lọ́sàn-án, lè jẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ láì mọ̀.

Wiley fúnra rẹ̀ gbà pé iṣẹ́ náà yí èrò òun padà. Ohun tó rò pé kò léwu púpọ̀ ti já sí ewu.

Lẹ́yìn borax, ó tún dán àwọn èròjà mìíràn wò títí di ọdún 1907, lára wọn ni formalin, salicylic acid, imí ọjọ́ àti sodium benzoate. Àwọn mìíràn mú àwọn ọ̀dọ́ náà ṣàìsàn débi pé wọ́n ní láti dá iṣẹ́ dúró kí àsìkò tó pé.

Ṣé ohun tó ṣe tọ́?

Àwọn iléeṣẹ́ tó ń wa borax kò dákẹ́. Wọ́n sanwó fún ẹni tó ń kọ lẹ́tà sí àwọn ìwé ìròyìn láti bu ẹnu àtẹ́ lu Wiley àti iṣẹ́ rẹ̀.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìbéèrè nípa iṣẹ́ náà ló wá láti ọ̀dọ̀ àwọn oníṣòwò. Àwọn ọ̀dọ́ náà kéré níye. Àwọn tó ń jẹ ẹ́ mọ̀ pé nǹkan kan wà nínú oúnjẹ wọn, ẹ̀rù nìkan sì lè mú kí inú máa run èèyàn.

Kò sì sí ètò kankan láti máa tọ́jú wọn lẹ́yìn tí iṣẹ́ náà parí. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn kú lọ́dún 1906 látàrí ikọ́ ẹ̀gbẹ, ẹbí rẹ̀ ní borax ló sọ ara rẹ̀ di ahẹrẹpẹ. Wiley ní kò rí bẹ́ẹ̀.

Lóde òní, kò sí ìgbìmọ̀ kan tó máa fọwọ́ sí irú iṣẹ́ ìwádìí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ohun kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ méjìlá náà ní, tí àràádọ́ta ọ̀kẹ́ èèyàn tó ń jẹ borax ní Amẹ́ríkà lọ́dún náà kò ní: wọ́n mọ̀ pé àwọn ń jẹ ẹ́.

Òfin ọdún 1906

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àbá òfin lórí oúnjẹ ti ń dé ilé aṣòfin Amẹ́ríkà, tó sì ń kú síbẹ̀. Owó àwọn oníṣòwò ló ń pa á.

Ohun tí Wiley ṣe ni pé ó gbé ọ̀rọ̀ náà kúrò lọ́wọ́ àwọn aṣòfin lọ bá àwọn ìyá nínú ilé ìdáná. Ó rìn káàkiri, ó ń bá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin sọ̀rọ̀. Àwọn obìnrin yìí kò tíì lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò nínú ètò ìdìbò ààrẹ ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, àmọ́ wọ́n mọ lẹ́tà kọ, wọ́n sì kọ ọ́ títí ó fi su àwọn aṣòfin.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1906, Upton Sinclair tẹ ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀, The Jungle, jáde nípa ìdọ̀tí àti ìyà tó wà ní ibi tí wọ́n ti ń pa ẹran ní Chicago. Inú bí aráàlú. Roosevelt, tó ti di ààrẹ nígbà náà, kò lè fi ọ̀rọ̀ náà falẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ 30, oṣù Kẹfà, ọdún 1906, ó buwọ́ lu òfin méjì, ọ̀kan lórí ẹran, èkejì lórí oúnjẹ àti òògùn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń pe èkejì ní òfin Wiley.

Òfin náà ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ta oúnjẹ àbùlà tàbí òògùn gbàrọgùdù láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn. Tí òògùn bá ní ọtí líle, morphine tàbí kokéènì nínú, ó gbọ́dọ̀ hàn lára páálí rẹ̀. Kí òfin yìí tó dé, àwọn ìyá ń ra irú òògùn bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ọwọ́ tó ń sunkún láì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ìjà pẹ̀lú ààrẹ

Èèyàn á rò pé Wiley ti borí. Àmọ́ òfin wà lórí ìwé, iṣẹ́ sì wà nínú lílò rẹ̀.

Wiley kì í mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́. Ní oṣù Kìíní, ọdún 1908, nínú ìpàdé kan pẹ̀lú Roosevelt, ọ̀rọ̀ dé orí saccharin, èròjà aládùn tí àwọn kan ń lò dípò ṣúgà. Wiley já lu ọ̀rọ̀ náà, ó ní ẹ̀tàn ni, ó sì lè ṣe ìpalára fún ara.

Kò mọ̀ pé dókítà Roosevelt ló ní kí ààrẹ máa lò ó. Inú bí ààrẹ gidigidi.

Kò pẹ́ tí Roosevelt fi gbé ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ kan kalẹ̀ láti máa tún iṣẹ́ Wiley yẹ̀ wò. Ira Remsen ló fi ṣe alága, inú ilé ìwádìí rẹ̀ gan-an sì ni wọ́n ti ṣàwárí saccharin. Ìgbìmọ̀ náà ta ko Wiley lórí sodium benzoate, wọ́n ní díẹ̀ rẹ̀ kò léwu. Títí di òní ni wọ́n ṣì ń fi èròjà náà sínú ọtí ẹlẹ́rìndòdò káàkiri àgbáyé.

Wiley tún gbé Coca-Cola lọ sílé ẹjọ́ nítorí caffeine tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n gbọ́ ẹjọ́ náà ní Chattanooga lọ́dún 1911, ìjọba sì pàdánù lọ́wọ́ àkọ́kọ́.

Lọ́dún kan náà, àwọn ọ̀tá rẹ̀ nínú iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn fẹ̀sùn kàn án pé ó sanwó fún onímọ̀ kan lọ́nà tí kò bófin mu. Ilé aṣòfin wádìí rẹ̀, Ààrẹ Taft sì dá a láre. Àmọ́ ọkàn rẹ̀ ti kúrò níbẹ̀.

Ní oṣù Kẹta, ọdún 1912, lẹ́yìn ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀.

Bàbá arúgbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọkọ

Nínú gbogbo làásìgbò ọdún 1911 yìí, ohun ayọ̀ kan ṣẹlẹ̀. Wiley gbé ìyàwó.

Ó ti pẹ́ tó ti dẹnu ìfẹ́ kọ Anna Kelton, obìnrin tó kéré sí i ní ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún, àmọ́ obìnrin náà kọ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni wọ́n tún pàdé, tó sì gbà. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàdọ́rin ni Wiley nígbà tí wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Wọ́n bí ọmọkùnrin méjì.

Anna náà kì í ṣe ẹni tó ń bẹ̀rù ìjọba. Lọ́dún 1917, wọ́n mú un níwájú ilé ààrẹ nítorí pé ó ń jà fún ẹ̀tọ́ obìnrin láti dìbò.

Ìwé ìròyìn àwọn obìnrin, Good Housekeeping, gba Wiley síṣẹ́. Ibẹ̀ ló ti ń yẹ oúnjẹ wò, tó sì ń kọ àbájáde rẹ̀ fún àwọn ìyálé ilé láti kà. Ó ṣe iṣẹ́ yìí títí di ọjọ́ ogbó rẹ̀.

Kí ló kù lẹ́yìn rẹ̀?

Ẹ̀ka iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn tí Wiley darí ló bí àjọ FDA, tó ń rí sí oúnjẹ àti òògùn ní Amẹ́ríkà lónìí. Àjọ náà kò fàyè gba borax nínú oúnjẹ. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ẹyin ẹja kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní caviar ni wọ́n gbà kí wọ́n fi sí.

Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló ti ní irú àjọ bẹ́ẹ̀ báyìí. Nàìjíríà ní NAFDAC, Ghana náà ní tirẹ̀. Nọ́ńbà tí àwọn èèyàn máa ń wá lára ọ̀rá oúnjẹ tàbí páálí òògùn, ìbéèrè Wiley ló ń dáhùn: kí ló wà nínú rẹ̀, ta ló sì jẹ́rìí sí i?

Kì í ṣe gbogbo ohun tó sọ ló jóòótọ́. Ó ṣì sọ lórí àwọn èròjà kan, ó sì le jù nígbà míràn. Àmọ́ lórí borax, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ti gba ohun tó sọ. Káún wà nínú ìkòkò ọbẹ̀, borax wà nínú ọṣẹ àti lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ góòlù, kálukú sì yẹ kó dúró sí àyè rẹ̀.

Lọ́dún 1956, nígbà tí òfin náà pé àádọ́ta ọdún, ìjọba Amẹ́ríkà tẹ àwòrán Wiley sí ara òǹtẹ̀ lẹ́tà. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọ̀dọ́ tó jẹ borax fún un kò ní òkìkí kankan. Wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn, ìtàn sì gbàgbé orúkọ wọn.

Wiley kú ní Washington lẹ́ni ọdún márùnlélọ́gọ́rin, wọ́n sì sin ín sí itẹ́ òkú àwọn ọmọ ogun ní Arlington. Ọjọ́ 30, oṣù Kẹfà, ọdún 1930 ló kú. Lọ́jọ́ náà gan-an ni òfin rẹ̀ pé ọdún mẹ́rìnlélógún.